Aláyùn àti Ọmọ Bàbá Ótẹ́jú

Funfun ni ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ rí. Ọkùnrin kan dúró láàárín ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tí ọkọ̀ kankan kò tíì gùn. Ẹrẹ̀ sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lára láti orí dé bàtà, ó sì di ẹ̀rọ ayùn kan mú tí ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèyàn létí. Omi ń tú jáde lábẹ́ ayùn náà, ó ń ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Nígbà tó pa ẹ̀rọ, tó sì ṣí awò tó fi bo ojú sókè, àyíká ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló ní àwọ̀ ènìyàn. Ọmọbìnrin náà, tó ń ti bárò bọ̀, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí, ó ń gbìyànjú láti gbé ẹ̀rín náà mì.

"Ẹ ṣeun o," ọkùnrin náà dáhùn. Ó wo àwọn òkúta kọnkéré kéékèèké tí wọ́n ń kó lọ fún àyẹ̀wò nínú bárò, ó wo ẹni tó ń tì í. "Ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ máa kó òun náà lọ fi ẹ̀rọ yín tẹ̀, ká lè mọ bó ṣe lágbára tó?"

"Ẹ̀rín tèmi le ju kọnkéré yín lọ."

"Mo ti rí i bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Kò sí òṣùpá níbẹ̀, kò sí òdòdó, oòrùn ọ̀sán gangan ló ń pa àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ń sáré kọjá lórí ọ̀nà yẹn lónìí, tí wọ́n ń gbọ́ kì-kì, kì-kì lábẹ́ táyà ọkọ̀ wọn, kò mọ̀ pé ẹnìkan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ìlà kọ̀ọ̀kan tó ń dún yẹn. Nígbà tí mo ń wí yìí, ibẹ̀ kò ju pápá gbalasa lọ. Ilé onígi àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rọ ńlá tó ń po kọnkéré wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, bí ilẹ̀ bá sì ti ń mọ́ ni ọkọ̀ á ti máa tò wá da ẹrù wọn sílẹ̀. Títì ọlọ́dà, wọ́n lè ṣe é láàárọ̀ kí ọkọ̀ gùn ún nírọ̀lẹ́. Ti kọnkéré kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ sùúrù, wọ́n ń fi àpò tútù bò ó bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn, wọ́n sì ń wọ́n omi sí i lọ́sàn-án fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ó dà bíi pé àwọn èèyàn ìgbà yẹn náà ní sùúrù ju tìsinsìnyí lọ, àbí kẹ̀, ó lè jẹ́ pé àgbà ló ń dé sí mi.

Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ níbi iṣẹ́ yẹn. Ọkùnrin tó ń gé kọnkéré, Aláyùn. Ọmọbìnrin náà, Àǹtí Kúúbù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bu kọnkéré tútù nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn àpótí irin kékeré onígun mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì á tú kọnkéré tó ti le níbẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní kúúbù, á rì wọ́n sínú táńkì omi. Tó bá di ọjọ́ keje á fi ẹ̀rọ tẹ díẹ̀ nínú wọn títí wọ́n á fi fọ́, tó bá di ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n á tẹ ìyókù. Agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kú ni yóò kọ sínú ìwé. Ìwé yẹn kò mọ ojú, kò mọ imú. Ohun tó bá rí ló ń kọ, ì báà jẹ́ Ẹnjiníà, ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà, ló ni kọnkéré náà.

Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń tẹ́ ojú kọnkéré. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti wà lórí eékún nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Pákó gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa ń fi wọn ojú ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, á wá bi àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Ó tẹ́jú?" Wọ́n á ní ó tẹ́jú. Á ní irọ́ ni. Bàbá Ótẹ́jú ni gbogbo wọn ń pè é, kódà lójú rẹ̀.

Bàbá àti ọmọ ni wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ òṣìṣẹ́ láràárọ̀. Bàbá a máa bá a gbé báàgì rẹ̀, á bu tíì gbígbóná sínú ìdérí fíláàsì, á ní, "Ìyá mi, gbà, kó tó tutù." Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n máa ń sọ pé bí ọmọ náà bá sín, bàbá rẹ̀ ló ń nu imú.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n pàdé, Àǹtí Kúúbù bá Aláyùn níbi tó ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí kọnkéré tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí láàárọ̀.

"Ẹ dákun," ó ní, "kí ló dé tí ẹ fi ń gé ohun tí Bàámi ti tẹ́ tán? Ẹ ò rí bó ṣe dán ni?"

"Mo rí i. Torí pé ó máa là ni mo ṣe ń gé e."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni. Tí kọnkéré bá ń gbẹ, ó ń súnkì. Tó bá ń súnkì, ó gbọ́dọ̀ là níbì kan. Tí a bá tètè gé e ní ìwọ̀nba, ibẹ̀ ló máa là sí, nísàlẹ̀, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i. Tí a ò bá gé e, á là síbi tó wù ú."

Ó yọ ìṣó kan lápò, ó fi ha ojú kọnkéré náà, ó ní kó wò ó. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá hú tẹ̀lé ìṣó, kò tíì tó gé, ayùn á kàn fa etí rẹ̀ ya ni. Bí ìlà funfun tín-ín-rín bá hàn, ó ti tó. Bí ìṣó bá sì ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó ti pẹ́ nìyẹn. Láàárín kò-tíì-tó àti ó-ti-pẹ́, nígbà míì kì í ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.

"Ẹ jẹ́ kí n ha á wò," Àǹtí Kúúbù ní. Ó gba ìṣó, ó kúnlẹ̀, ó ha á. Ìgbà tó gbójú sókè, kì í ṣe kọnkéré ni Aláyùn ń wò.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sán kan tí Aláyùn kì í wá sí yàrá àyẹ̀wò láti wá béèrè aago tí kọnkéré àárọ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ aago náà gàdàgbà sára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á nu bàtà, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ni wọ́n dà á?" Àǹtí Kúúbù á ní, "Ẹ wo ẹ̀yìn yín." Á wo ẹ̀yìn, á ní, "Háà, ẹ ṣeun o," síbẹ̀ kò ní lọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú búrẹ́dì wá. Wọ́n á jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì méjì, wọ́n á pín in jẹ, táńkì omi tí àwọn kúúbù wà nínú rẹ̀ á máa kán tó, tó, tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àǹtí Kúúbù gbọ́ pé Aláyùn ti sin òbí rẹ̀ méjèèjì, pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ, pé kò bá èèyàn jà rí láti kékeré. Èyí tó gbọ́ kẹ́yìn yẹn, ó rò pé ìwà dáadáa pátápátá ni. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìwà náà máa dun òun gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Aláyùn kò jẹ búrẹ́dì tirẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ," ó ní.

"Ẹ sọ ọ́."

"Mo fẹ́ràn yín. Kì í ṣe eré. Mo fẹ́ fẹ́ yín sílé."

Inú ọmọbìnrin náà dùn débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti jókòó ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò fún ọdún mẹ́rin kì í gba nǹkan wọlé lójú ẹsẹ̀.

"Mo ti gbọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Kò sí ti ọjọ́ keje?"

"Ti ọjọ́ keje kàn máa ń júwe ni. Ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n là ń gbà."

Nígbà tó di ọjọ́ keje, Aláyùn fọ ojú, ó ya irun, ó wá dúró ṣánṣán sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Kúúbù wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀," ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan bí ẹni tí orí ń dà rú.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n bọ́ sí ọjọ́ Túsìdeè. Kò jẹ́ kó wá bá òun, òun ló lọ bá a lójú ọ̀nà.

"O yege," ó ní.

Aláyùn gbé ayùn kalẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní o yege. Tó o bá tún pè mí ní 'ẹ' lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa fagi lé e."

Kò lè dì mọ́ ọn, torí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń wò wọ́n. Ó kàn di ìka ọwọ́ rẹ̀ kan mú fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ṣe àdéhùn pé tó bá di Sọ́ńdè, á wá sílé wá rí Bàbá Ótẹ́jú.

Ọjọ́ Fúráìdé ni nǹkan bàjẹ́.

Àwọn àlejò láti olú ilé iṣẹ́ ń bọ̀ wá wo ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ótẹ́jú sì ti pinnu pé abala tí wọ́n máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni yóò jẹ́ èyí tó dára jù tí òun ṣe láyé òun. Láti ìdájí ló ti wà lórí eékún. Nígbà tó parí, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn dúró wò ó.

Ní aago méjì géérégé, Aláyùn yọjú sí yàrá àyẹ̀wò, ìṣó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ti Bàbá ti tó gé o," ó ní. "Mo ń lọ." Àǹtí Kúúbù kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́: aago méjì, ó tó gé.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń pariwo, nítorí náà ó pẹ́ kó tó kíyè sí i pé òun kò gbọ́ ohùn ayùn rárá. Afẹ́fẹ́ tútù kan gbá ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí. Ooru tó ti ń mú láti àárọ̀ lọ pátá, ojú ọ̀run ṣú lójijì. Ó jáde, ó rí i pé gbogbo òṣìṣẹ́ ti pé jọ sójú kan, ó sì sáré lọ síbẹ̀.

Abala mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn ló ti là. Kò là lórí ìlà ṣọ́ọ̀kì, ó là wọ́gọwọ̀gọ láti etí kan dé èkejì, gba àárín ojú kọnkéré tó ń dán náà kọjá. Bàbá Ótẹ́jú dúró lórí rẹ̀, pákó rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnjiníà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó wo ibi tó là, ó wo aago. "Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ̀ lù," ó ní. "Ta ló dá ayùn dúró?"

Àǹtí Kúúbù rí ẹnu bàbá rẹ̀ tó ṣí díẹ̀, tó tún pa dé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bàbá náà wo ẹ̀yìn, ọdún mọ́kànlélógójì ló rí níbẹ̀.

"Èmi ni, mà," Aláyùn ní. "Mo rò pé kò tíì tó ni."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ti ń gé láti ọdún mẹ́fà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹnjiníà ní kó kó ẹrù rẹ̀, kó lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń tún ọ̀nà àtijọ́ ṣe, ìrìn wákàtí márùn-ún sí ibẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ rẹ̀ máa gbéra.

Àǹtí Kúúbù ká a mọ́ ẹnu géètì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Aago méjì lo sọ fún mi pé ó ti tó."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá ní kó o dúró?"

Aláyùn yí ojú sí géètì.

"Bàámi ni."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O ò sì sọ pé kì í ṣe wọn."

Aláyùn gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀. "Wọ́n ní kò tíì gbó, pé ayùn mi máa hú etí rẹ̀ kí àwọn àlejò tó dé. Mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, mi ò lè sọ ọ́ mọ́. Ní Sọ́ńdè ni mo fẹ́ wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ṣé Fúráìdé ló yẹ kí n máa bá wọn jiyàn níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn?"

"Ìwà pẹ̀lẹ́ rẹ yìí máa pa wá."

"Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, mi ò ṣe é. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́. Má tú àṣírí wọn níta. Ọ̀nà tí wọ́n máa ṣe kẹ́yìn nìyí."

Ó lọ. Ìpinnu tó wá wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà wúwo ju gbogbo kúúbù inú táńkì lọ. Bó bá sọ òótọ́ níta, ó máa ba iyì tí bàbá rẹ̀ fi ogójì ọdún kó jọ jẹ́. Bó bá dákẹ́, ọkùnrin tó fẹ́ á máa jẹ́ ẹni tó ba ọ̀nà jẹ́, kò sì sí bàbá tó máa fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́mọ. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ó sì ń bẹ̀rù pé ọ̀kan ni òun máa rí mú.

Nílé, nídìí oúnjẹ alẹ́, Bàbá Ótẹ́jú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo gbọ́ pé aláyùn kan fẹ́ wá síbí ní Sọ́ńdè. Mi ò fẹ́ rí i."

"Kí ló ṣe?" ìyá Àǹtí Kúúbù béèrè.

"Ó ba ọ̀nà jẹ́."

Àǹtí Kúúbù kò gbójú sókè. "Bàámi, aago méjì ló sọ pé ó ti tó gé. Ó wà nínú ìwé mi."

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ bàbá. Ó wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Oúnjẹ náà wà níbẹ̀ títí ó fi tutù.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ṣì jọ ń wọ ọkọ̀ láràárọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbé báàgì mọ́. Fíláàsì wà láàárín wọn, kò sẹ́ni tó ṣí i. Àǹtí Kúúbù a máa wo ojú fèrèsé kí omijé má bàa hàn. Ó rò ó títí, kò rántí ọjọ́ kan láyé rẹ̀ tí bàbá òun kò pe òun ní ìyá mi rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà kan dé sí yàrá àyẹ̀wò.

"Olólùfẹ́ mi," Aláyùn kọ ọ́, "ọ̀nà tí à ń tún ṣe níbí ti ń gbé ọkọ̀ láti ọdún márùndínlógójì, púpọ̀ nínú àwọn tó ṣe é ti kú. Ibi tó bá fọ́, a kì í lẹ nǹkan mọ́ ọn lójú lásán, kò ní pẹ́ tó máa ṣí. Ńṣe là ń gé àyíká rẹ̀ kan ìsàlẹ̀, tí à ń fi ẹ̀rọ gbé odindi rẹ̀ jáde. A ó wá lu ihò sára àtijọ́ tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó ki irin bọ̀ ọ́, ìdajì á wà nínú, ìdajì á yọ síta, ká tó da tuntun sí i. Irin yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀kan rì kí èkejì dúró. Bí táyà bá gun ọ̀kan, èkejì á bá a gbé e. Mo máa ń ronú nípa ìwọ àti Bàbá tí mo bá ń lu ihò náà. Má bá wọn jà nítorí mi. Oúnjẹ ibí kò dáa, láti ìgbà tí mo sì ti dé, kò tíì sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín."

Ó ka lẹ́tà náà títí ó fi mọ ọ́n sórí. Nígbà tó délé, ó fi í han ìyá rẹ̀. Ìyá kà á, ó pa á pọ̀, ó mú un lọ sí yàrá tí ọkọ rẹ̀ wà.

Àǹtí Kúúbù gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti ìta. "Ka èyí. Mi ò ní kó o sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èwo ni kí ọmọ tuntun máa gbé àgbà pọ̀n?"

Lẹ́tà náà kò jáde nínú yàrá yẹn mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣí ọ̀nà nígbà tí Ẹnjiníà pàṣẹ pé kí wọ́n hú àwọn abala mẹ́ta tó là náà, kí wọ́n tún wọn ṣe. Àwọn atúnṣe dé pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ wọn, Aláyùn sì wà láàárín wọn. Ó ti rù díẹ̀. Ó kí Bàbá Ótẹ́jú, ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Bàbá dáhùn, kò wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé e, tí wọ́n fi gbé e. Ọwọ́ Aláyùn fúnra rẹ̀ ló gé àyíká rẹ̀. Bàbá Ótẹ́jú dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nígbà tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ tó dára jù láyé rẹ̀ sókè lẹ́yọ lẹ́yọ, tí ó ń kó o sẹ́yìn ọkọ̀ bí pàǹtí. Àǹtí Kúúbù rí i pé ó yọ fìlà. Ó fẹ́ lọ bá a, ṣùgbọ́n kò lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ki irin, wọ́n ti da tuntun. Bàbá kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan bá òun tẹ́ ẹ. Òun nìkan ló kúnlẹ̀ sí i láti àárọ̀, eékún rẹ̀ ń dún, ó ń rọra fa pákó rẹ̀. Nígbà tó parí, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó tẹ́jú.

Nígbà tó di ọ̀sán, Aláyùn fi ìṣó ha á. Gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò. Ẹnjiníà wà níbẹ̀, Àǹtí Kúúbù náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé rẹ̀ láyà. Aláyùn kò tan ayùn. Ó rìn lọ bá Bàbá Ótẹ́jú.

"Bàbá, ó ti tó. Ṣé kí n gé e?"

Bàbá wò ó. "Báyìí lo ṣe bi mí lọ́jọ́sí," ó ní.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá."

"Rárá." Ó fi ọwọ́ lé eékún, ó dìde nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ mi náà, ẹ gbọ́. Lọ́jọ́ tí kọnkéré yìí là, ọmọ yìí sọ pé ó tó gé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó dúró, torí mi ò fẹ́ kí ayùn kan ojú rẹ̀ kí àlejò tó rí i. Ó bò mí láṣìírí, mo sì jẹ́ kó lọ jìyà rẹ̀. Ojú ń tì mí."

Omijé ń dà lójú Àǹtí Kúúbù, kò sì nù ún. Ìfẹ́ tó ní sí bàbá rẹ̀ kò pọ̀ tó báyìí rí.

Ẹnjiníà mi orí. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni mo máa kọ ọ́ sílẹ̀." Ó yíjú sí Aláyùn. "Ìwọ ńkọ́, kí lò ń dúró wò? Ṣé kó tún là ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ayùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Aláyùn wá. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ̀ fún un, ọrùn ẹ̀wù náà ń pa á lára. Bàbá Ótẹ́jú jókòó sórí àga rẹ̀, ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́, Àǹtí Kúúbù dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, ó ń ṣe bíi pé ife lòun ń nù. Ife kan ṣoṣo ló nù láti ìgbà tí àlejò ti dé.

"Bàbá," Aláyùn bẹ̀rẹ̀, "ohun tó gbé mi wá—"

"Mo mọ̀ ọ́n," Bàbá ní. "Jókòó. Mo ti dá ọ dúró lẹ́ẹ̀kan, mo sì rí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mi ò ní dá ọ dúró lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ mú ọjọ́ tó bá wù yín."

"O ò tíì bi ọmọ náà," ìyá ní.

Bàbá yíjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìdáná. "Ìyá mi," ó ní, "ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ó gbé ife kalẹ̀, ó rìn gba iwájú Aláyùn kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó gbé ojú lé orí eékún tó ti le koránkorán náà. "Mo fẹ́ ẹ, Bàámi," ó ní. Ọwọ́ bàbá sọ̀ kalẹ̀ sórí rẹ̀, ó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Aláyùn jókòó jẹ́ẹ́, ó ń dúró, ó mọ̀ pé tòun náà ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣègbéyàwó. Aago mẹ́wàá ni wọ́n pe àwọn èèyàn. Nígbà tí ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó náà wá ṣí ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà àárọ̀, ó bá bàbá arúgbó kan tó wọ aṣọ funfun báláú, tó jókòó nìkan sórí àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì.

"Bàbá, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni," ẹni náà ní. "Ó ku wákàtí mẹ́rin."

"Mo mọ̀," Bàbá Ótẹ́jú ní. "Mi ò fẹ́ pẹ́ ni."